Fóònù, kámẹ́rà ńlá, GoPro, Instax àbí fíìmù: èwo lẹ máa gbé dání tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò?

Lọ́jọ́ tá a gun Òkè Ìdànrè, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ lọ, òun gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn pẹ̀lú lẹ́ńsì méjì nínú báàgì, èmi mú fóònù mi nìkan dání. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹ ò lè sáré gùn ún, ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà kéèyàn lè mí. Ibi ìsinmi la ti bá mọ̀ọ́mì kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó ti tú gèlè, ó ti bọ́ sálúbàtà, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé òkúta tútù, ó dijú, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lóun nìkan. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ kú ìsinmi mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín báyìí?" Wọn ò tiẹ̀ lajú, wọ́n kàn ní "Yà á, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má ní kí n dìde o." Mo yà á. Kí ọ̀rẹ́ mi tó pààrọ̀ lẹ́ńsì tán, mọ̀ọ́mì ti wé gèlè wọn padà, wọ́n ti jókòó gbọnrangandan, wọ́n ti ń wo kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ ya páásípọ́ọ̀tù.

Ó wá ku ọjọ́ tá a fẹ́ fọ fọ́tò yẹn kó tóbi, ká gbé e kọ́ sára ògiri. Tèmi ò gbà, bí wọ́n ṣe fẹ̀ ẹ́ báyìí ojú mọ̀ọ́mì di rúdurùdu, òkúta ẹ̀yìn wọn wá dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ọwọ́ pa. Ti ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ mọ́ kedere, ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú wọn. Èmi ni mo rí ẹ̀rín mú, òun ló rí ojú mú. Látìgbà yẹn, táwọn èèyàn bá bi mí pé kámẹ́rà wo ni káwọn rà fún ìrìn àjò, èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ìdáhùn yẹn ló máa ń mú kámẹ́rà, kì í ṣe iye megapixel.

Nǹkan mẹ́rin ni mo máa fi wọ̀n wọ́n níbí. Owó, kì í sì í ṣe owó ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á nìkan o, owó tó máa ń tẹ̀ lé e náà. Ṣé ó ṣeé gbọ́kàn lé lójú ọ̀nà, níbi tí iná ò sí, tí eruku wà, tí omi wà. Báwo làwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ yín, èyí ni mo kà sí jù. Àti kí ló máa ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ bá padà délé. Mi ò ní fi drone, kámẹ́rà tó ń fò, kún un o, torí nílẹ̀ wa Nàìjíríà ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú àti ọ́fíìsì agbani-nímọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹni tó kàn fẹ́ lọ wo ìlú fún ọjọ́ méjì ò nílò wàhálà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ti wà lápò gbogbo wa. Owó ẹ̀, ẹ ti san án tipẹ́, kò ní ju kẹ́ ẹ ra pówá báǹkì kún un. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa fóònù ni pé kì í lé èèyàn sá. Ìyá alákàrà tó wà létí títì, tẹ́ ẹ bá kọ kámẹ́rà ńlá sí i, á kọ́kọ́ bi yín pé ìwé ìròyìn wo ló rán yín wá, àbí ṣé ìjọba fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù àwọn ni. Ṣùgbọ́n fóònù, òun náà ní ọ̀kan nínú àpò ìdí ẹ̀, ó mọ ohun tó ń jẹ́. Ẹ lè máa bá a sọ̀rọ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa jẹ àkàrà lọ, kẹ́ ẹ sì yà á nígbà tó ń sín ọmọ ẹ̀ jẹ tó ń bú sẹ́rìn-ín, kò ní ba ẹ̀rín yẹn jẹ́.

Ibi tí fóònù ti ń jáni kulẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn àti alẹ́. Súùmù fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í sún mọ́ nǹkan kan, ṣe ló ń gé àárín fọ́tò tó wá ń nà án. Nǹkan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀ náà kéré gan-an, nínú ọ̀pọ̀ fóònù kò tó èékánná ìka, tí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí èyí tí wọ́n da iyanrìn sí. Bátìrì náà ńkọ́, òun lẹ fi ń wo ọ̀nà lórí máàpù, òun lẹ fi ń pe awakọ̀, òun lẹ fi ń ṣe WhatsApp, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé orí òkè ó ti ku ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé, ó kan fóònù, ó sì kan kámẹ́rà ńlá náà. Téèyàn dúdú bá wọ léèsì funfun tàbí tó dúró síwájú ojú ọ̀run tó mọ́ yanran, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá dín in kù, léèsì á dára, ojú ẹni yẹn á ṣókùnkùn débi tẹ́ ẹ ò ní mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu. Lórí fóònù, ẹ tẹ ojú ẹni náà gan-an, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fi ìka tì í sókè títí ojú á fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú ọ̀run funfun tó bá fẹ́. Àwọn èèyàn wa máa ń wọṣọ dáadáa fún fọ́tò, ó máa ń dùn mí téèyàn bá múra báyẹn tó wá jẹ́ pé aṣọ ẹ̀ nìkan ló yọ.

Tẹ́ ẹ bá wá yà á tán, ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán, ó máa ń fún fọ́tò pa, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíì lálaalẹ́. Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ láti 2021 ni fọ́tò náà ti ń jẹ nínú ẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì yín, kì í pẹ́ kún.

Kámẹ́rà ńlá ló kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní DSLR, àti àbúrò ẹ̀ mirrorless tí kò ní díńgí nínú. Kí n tó sọ ti owó, ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ná, lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Àwọn régbérégbé á ti tò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ ẹ̀, àwọn ìdílé Balógun á máa gun ẹṣin bọ̀, ìbọn á máa dún, eruku á sọ. Ní 2024 fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin pẹ̀lú sìgá lẹ́nu gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, láti ọjọ́ yẹn ni ẹni tí kò gbọ́ orúkọ àjọ̀dún yẹn rí ti ń béèrè ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá alákàrà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo èèyàn ló múra kí wọ́n lè rí i. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù sókè, wọ́n á kọjá lára yín, tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì gígùn, wọ́n á dúró, wọ́n á tún agbádá ṣe lórí èjìká, wọ́n á ní "Bọ̀dá, ẹ yà wá dáadáa o!"

Ẹṣin ò ní dúró de fóònù yín. Lẹ́ńsì gígùn, 55-250mm, ni mo lò, mo fi shutter sí 1/1000, ìyẹn ni pé ó ṣí ó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sínú afẹ́fẹ́, ẹ rí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tó ń já bọ́ lára pátákò. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹṣin tó ń sáré kọ́ ló wà lára ògiri mi lónìí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́, mo rí bàbá kan tó gbé ọmọ ẹ̀ kékeré gun ẹṣin, ọmọ ò lè ju bí ọdún mẹ́fà lọ, ẹ̀rù ń bà á, ẹkún ti dé ojú ẹ̀, fìlà ti ṣubú bo etí kan. Bàbá yẹn ò bá a wí. Ó tún fìlà yẹn ṣe, ó fẹnu sún mọ́ etí ọmọ náà, mo rí ètè ẹ̀ tó ń mì pẹ́, mo sì mọ̀ pé oríkì ni torí mo rí bí ẹ̀yìn ọmọ náà ṣe ń nà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó bí ọkùnrin lórí gàárì. Òdìkejì ọ̀nà ni mo wà. Ká ní fóònù ni, mo gbọ́dọ̀ rìn sún mọ́ wọn, tí mo bá sì sún mọ́ wọn bàbá yẹn á dákẹ́. Ohun tí lẹ́ńsì gígùn ń ṣe nìyẹn, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi àwọn èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí mo wá bàbá náà rí, mo fi hàn án, ó gba nọ́ńbà mi, mo fi ránṣẹ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti owó, tòkunbọ̀ ni màá gbà yín níyànjú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti kó ọkàn wọn sí mirrorless, ìyẹn ló jẹ́ kí owó DSLR tòkunbọ̀ rọjú díẹ̀, àwọn tó dáa sì ni. Ẹ fi owó lẹ́ńsì, báàgì, mẹ́mórì káàdì méjì àti bátìrì kejì kún ìṣirò o, ará kámẹ́rà nìkan kì í ṣe ìparí ìnáwó. Lẹ́ńsì kejì tó yẹ kẹ́ ẹ rà ni 50mm f/1.8, f/1.8 yẹn ni pé ojú ẹ̀ ń ṣí gbòòrò gba ìmọ́lẹ̀, ti Canon ò ju bíi dọ́là 130 lọ nígbà tó jáde ní 2015, lẹ́ńsì tuntun tó rọjú tó bẹ́ẹ̀ tó lè ya ojú èèyàn lábẹ́ iná àtùpà báyẹn ò pọ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mo fi ìyà jẹ́ ara mi lórí ẹ̀ torí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó tà á fún mi ní ó mọ́, mo gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì, mo rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn tó tàn ká inú díńgí, olù ni, ọ̀rinrin ló ń fà á, kò ṣeé nù látìta. Nítorí náà ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ ọjà, ẹ tàn án láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì, ẹ wò ó láti iwájú. Ẹ ní kí wọ́n fi shutter count hàn yín, iye ìgbà tó ti ṣí tó ti pa dé nìyẹn, àwọn tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń tó 100,000 kí ọ̀rọ̀ tó dà rú, èyí tó ti lo 80,000 ò yẹ ní iye tẹ́ ẹ máa ra èyí tó lo 15,000. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, àwọn páálí kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun yẹn, ẹ má jù ú nù mọ́, ẹ kó o sínú báàgì kámẹ́rà, ó ń fa ọ̀rinrin.

Iná ńkọ́? Ibí ni ẹ̀gbọ́n ti ju àbúrò lọ. Nikon D3500 á ya bíi 1,550 lórí bátìrì kan tó kún, Canon M50 tó jẹ́ mirrorless á ya bíi 235. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tí iná ò ti dájú, nọ́ńbà méjì yẹn ti sọ ohun tẹ́ ẹ máa mú. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́, eruku á wọ inú, gbogbo fọ́tò yín á máa ní àmì dúdú lójú ọ̀run. Tẹ́ ẹ bá rí ṣọ́jà, ọlọ́pàá tàbí bárékè, ẹ ti kámẹ́rà bọ báàgì. Àwọn ibi àbẹ̀wò kan náà wà tó jẹ́ pé owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà pè yín padà.

GoPro, kámẹ́rà kékeré tí kì í bẹ̀rù omi, ò ní gbà mí pẹ́. Omi ló wà fún. Èyí tó bá jẹ́ HERO5 sókè, ẹ lè rì í wọ omi mítà mẹ́wàá láì fi nǹkan kan bò ó. Mo kọ́ ìwúlò yẹn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lábẹ́ ìtàkìtì omi Olúmirin, mi ò bọ́ sínú omi o, mo kàn dúró níbi tí ìkùukùu omi ti ń fẹ́, fóònù mi kú kó tó di pé mo sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé fọ́tò gbogbo ọjọ́ yẹn lọ. HERO12 jáde ní dọ́là 399 ní 2023, àwọn ti tẹ́lẹ̀ rọjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fídíò ni iṣẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ya ojú èèyàn nítòsí, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú kò sí nǹkan tó lè rí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Instax, kámẹ́rà Fujifilm tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò Mini ò tóbi, 62 mm sí 46 mm ni àwòrán ẹ̀, mẹ́wàá péré ló wà nínú páálí fíìmù kan, fíìmù yẹn ò sì pọ́ọ́kú. Kò mọ́ tó fóònù yín. Kò ní nẹ́gẹ́tíìfù, èyí tẹ́ ẹ bá fún èèyàn ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, títí mo fi gbé e lọ Òṣogbo.

Igbó Ọ̀ṣun ni mo tìtorí ẹ̀ lọ, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, mo wá yà sí ilé àwọn aláró. Ìyá kan wà níbẹ̀, aró ti mu ọwọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ń fún aṣọ. Mo ní kí n ya ọwọ́ yẹn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ọjọ́ gbogbo lẹ máa ń wá ya èmi, òyìnbó ń yà mí, ọmọ Èkó ń yà mí, mi ò tíì fojú kan ọ̀kan rí." Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé Instax jáde, mo ya ojú wọn, kì í ṣe ọwọ́. Wọn ò lè gba fọ́tò torí ọwọ́ wọn tutù, mo bá dì í mú síwájú ojú wọn, àwa méjèèjì jọ ń wo bébà funfun yẹn, ìlà orí gèlè ló kọ́kọ́ yọ, ojú méjèèjì tẹ̀ lé e, ìlà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn wá yọ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní "Háà! Èmi rèé!" Wọ́n pe ọmọ ọmọ wọn, wọ́n pe aládùúgbò, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n fi èékánná mú etí bébà, wọ́n wá dì í sí etí ìró wọn níbi tí wọ́n ń di owó sí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ṣí ìkòkò aró kọ̀ọ̀kan hàn mí, wọ́n kì mí, wọ́n sì ní kí n ya ohunkóhun tó bá wù mí. Fọ́tò ọwọ́ tí mo wá gbà, fóònù ni mo fi yà á, ṣùgbọ́n Instax ló ṣílẹ̀kùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á: ẹ má fi fíìmù sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn, ooru ń pa á. Ẹ má máa jù ú fìrìfìrì kó lè tètè yọ, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fọ́tò náà kẹ́ ẹ tó fi í fún wọn, kẹ́yin náà lè ní ẹ̀dà.

Kámẹ́rà fíìmù gan-an wá ńkọ́, èyí tí a ń fọ? Ẹni tí mo máa ń rántí ni Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tó dé Bahia ní Brazil ní 1946 tó sì lo ìyókù ayé ẹ̀ láàárín ibẹ̀ àti ilẹ̀ Yorùbá, ní Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá ní 1953 tó fi ń jẹ́ Fátúmbí. Rolleiflex ló ń lò. Kámẹ́rà yẹn, àyà lèèyàn ń gbé e sí, á tẹrí ba wò ó látòkè, kì í bo ojú ẹni tó ń yani, àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ń rí i bó ṣe ń rí wọn. Fọ́tò 12 ló wà nínú rólù kan. Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ rí bí ara ṣe tu àwọn èèyàn yẹn.

Rólù 35mm ti òde òní ń ya 36. Ohun tíyẹn ń ṣe fún ìrìn àjò ni pé ẹ ò ní lè máa tẹ bọ́tìnnì bí ìbọn, ẹ máa dúró, ẹ máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ máa yan. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ó wọ́n: ẹ máa ra rólù, ẹ máa fọ ọ́, ẹ máa san owó kí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń fọ ọ́ ò sì sí ní gbogbo ìlú mọ́. Tí fíìmù bá sì bàjẹ́, ìrìn àjò yín ti lọ pẹ̀lú ẹ̀, kò sí ẹ̀dà níbì kan.

Ó yá, ta ni kó mú èwo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì rìnrìn àjò tó ẹ̀ẹ̀mẹta torí fọ́tò, má ra nǹkan kan, fóònù ẹ tó, fi owó yẹn wọ mọ́tò lọ síbòmíì. Ẹni tó jẹ́ pé àjọ̀dún ló ń wò, Ojúde Ọba, Ọ̀ṣun lóṣù Ògún, eégún, gbogbo ibi tí èrò bá ti pọ̀ tí ẹ ò lè sún mọ́, DSLR tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Èyí tó fẹ́ gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri tàbí tó fẹ́ tà á, ẹ̀yin náà DSLR. Ẹni tó fẹ́ràn omi, GoPro, kó sì gbàgbé fọ́tò ojú èèyàn. Fíìmù jẹ́ ti ẹni tó ti ní kámẹ́rà míì nílé tó wá fẹ́ dín eré kù, kò yẹ kó jẹ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbé lọ ibi tẹ́ ẹ ò ní padà dé mọ́.

Àwọn tó ń bọ̀ wálé láti London tàbí Houston fún Iléyá àbí Kérésìmesì, tí ẹ fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tẹ́ ẹ ò rí láti ọdún márùn-ún, fóònù yín àti Instax ni kẹ́ ẹ gbé, pẹ̀lú páálí fíìmù mẹ́rin ó kéré tán, torí gbogbo agboolé ló máa fẹ́. Ẹ má kó fíìmù yẹn sínú báàgì ńlá tí wọ́n ń gbé wọ abẹ́ ọkọ̀ òfurufú o, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ wò lè bà á jẹ́, báàgì ọwọ́ ni, kẹ́ ẹ sì bẹ àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ní pápákọ̀ pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.